Jìgá Wà Nínú Ilẹ̀: Bí A Ṣe Lè Lé E Kúrò Lágbàlá Láì Pa Oyin àti Èèrà

Nígbà wo ni ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ yín kẹ́yìn? A máa ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ bóyá ibà ń ṣe é, a máa ń wo aṣọ rẹ̀ bóyá ó mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í rántí ẹsẹ̀ àfi ìgbà tí ọmọ bá ń tiro. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá gbẹ tí ó sì kúnná bí èlùbọ́, àkókò jìgá ni ó dé yẹn. Níbi tí ó bá wà, ọmọ a máa họ ìka ẹsẹ̀ lálẹ́, a sì máa fi gìgísẹ̀ rìn láàárọ̀ nítorí pé ìka ń dùn ún.

Ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé e ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Baálé ilé a gba ọjà Láfẹ́nwá lọ, a ra ìgò májèlé kan, a pò ó mọ́ omi, a sì fọ́n ọn yí gbogbo àgbàlá ká, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí igi máńgòrò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, oyin ti kú sílẹ̀ lábẹ́ igi, èèrà ti kú, alángbá tí ó jẹ nínú wọn náà kò sì gbádùn. Jìgá ńkọ́? Kí oṣù tó ó lé, ó ti padà dé. Ìdí rẹ̀ ni pé inú ilẹ̀ ni jìgá ti ń dàgbà, ara ẹran ọ̀sìn ni ó sì ti ń jẹun. Ibi méjèèjì yìí ni a ti í ṣẹ́gun rẹ̀, pẹ̀lú ìgbálẹ̀, omi, oòrùn àti ìtọ́jú ẹran, láì pa àwọn kòkòrò tí ń ṣe wá ní oore.

TA NI JÌGÁ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń pe gbogbo kòkòrò ara ajá ní eégbọn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Eégbọn kì í fò. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ó ní nígbà tí ó bá dàgbà, jẹ́jẹ́ ni ó ń rìn, a sì máa lẹ̀ mọ́ etí ajá títí yóò fi wú. Ṣùgbọ́n kòkòrò kékeré pupa rúsúrúsú kan wà tí í fò fẹ̀ẹ̀ bí a bá la irun ajá tàbí ti ológbò. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni tirẹ̀, kò sì ní ìyẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó gùn ni ó fi ń fò. Ẹbí kan náà ni òun àti jìgá. Jìgá ni ó kéré jù nínú ẹbí náà, nítorí kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Kò lè fò ga, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ó máa ń mú jù.

Akọ àti abo jìgá ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n abo ni ó ń wọ inú ara. A wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná, láàárín ìka, tàbí ní gìgísẹ̀, a sì fi ìdí rẹ̀ sí ẹnu ihò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, yóò ti wú bí ẹ̀wà, yóò funfun, yóò sì ní ojú dúdú kan láàárín. Ojú dúdú yìí ni ó ń gbà da ẹyin sílẹ̀, èyí tí ó lè ju 100 lọ. Nígbà tí ó bá parí iṣẹ́ yìí, yóò kú síbẹ̀.

Àwọn ẹyin náà a bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n a di ìdin wínníwínní tí ń jẹ ìdọ̀tí, wọn kì í sì í wọlẹ̀ jìn. Ìdin yìí a hun ilé bí òwú yí ara rẹ̀ ká, a sì jáde ní jìgá tuntun. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ti kòkòrò ajá náà fara jọ ọ́: orí ajá ni ó ń yé sí, ṣùgbọ́n ẹyin kì í dúró lára, a máa gbọ̀n sílẹ̀ níbikíbi tí ajá bá sùn sí. Nítorí náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni èyí tí a ń rí lára ajá. Ilẹ̀ ni ìyókù wà, gẹ́gẹ́ bí ẹyin, ìdin, àti àwọn tí ó wà nínú ilé òwú wọn. Ẹni tí ó bá ń wẹ ajá tí kò gbá ibùsùn ajá, omi ni ó ń gbè sínú apẹ̀rẹ̀.

Àjèjì ni jìgá nílẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà níhà gúúsù ni ó ti wá. Ìtàn tí a mọ̀ jù nípa dídé rẹ̀ ni ti ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Thomas Mitchell, tí ó kúrò ní Brazil tí ó sì gúnlẹ̀ sí Ambriz ní orílẹ̀-èdè Angola ní ọdún 1872. Yanrìn ni wọ́n kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà kí ó lè dúró dáadáa lórí omi, inú yanrìn yìí ni jìgá sì bá wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba etíkun, tí ó bá àwọn oníṣòwò, àwọn aláàárù àti àwọn ọmọ ogun rìn, kí ọ̀rúndún náà sì tó parí ó ti la Áfíríkà já dé etíkun ìlà-oòrùn.

OHUN TÍ Ó Ń ṢE FÚN ỌMỌ

Àwọn kan máa ń fi jìgá ṣe ẹ̀rín, wọ́n a ní àìsàn àwọn ará oko ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ojú ihò tí jìgá bá ṣí sílẹ̀ ni kòkòrò àrùn mìíràn ń gbà wọlé. Ẹsẹ̀ a wú, a gbọn ọyún, èékánná a bọ́, ọmọ a sì máa sá fún ilé-ìwé nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tí ó burú jù ni tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí í mú kí ẹnu di pa, kí ara sì le gan-an bí igi. Ọgbẹ́ jìgá jẹ́ ọ̀nà tí àrùn yìí lè gbà wọ ara ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ẹ̀yi àti àwọn kòkòrò mìíràn tí ń gbé ara ènìyàn, tí jìgá wà lára wọn, sínú ìwé àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti gbàgbé. Kí òbí má ṣe fi ọmọ tí jìgá mú pamọ́ nítorí ìtìjú. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Kòkòrò ni, a sì mọ ibi tí ó ń gbé.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ EREKITI

Kò pọn dandan kí a lọ jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí. Ní abúlé Erekiti, ní agbègbè Badagry, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìlọrin àti ti Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Brazil, yẹ ẹsẹ̀ àwọn ará abúlé wò. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Nínú àwọn ènìyàn 557 tí wọ́n yẹ̀ wò, 252 ni ó ní jìgá. Ìyẹn ni pé nínú ènìyàn 100, ó lé ní 45. Àwọn ọmọdé wà lára àwọn tí ó ń jìyà rẹ̀ jù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé kí ló dé tí ilé kan fi ní in tí èkejì kò ní. Ohun mẹ́rin ni ó hàn kedere. Èkíní, ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tàbí amọ̀. Èkejì, àwọn tí ó máa ń jókòó sinmi ní ìta lórí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹlẹ́dẹ̀ tí ń jẹ̀ kiri nínú àgbàlá. Nínú gbogbo ẹran, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n rí pé ó ń pa jìgá mọ́ jù, ajá àti eku náà sì ní tiwọn. Ẹ̀kẹrin, àìwọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀.

A ó sọ òtítọ́ tán: wọ́n tún rí i pé ilé tí wọ́n ti ń lo oògùn apakòkòrò nínú yàrá kì í sábà ní jìgá tó ilé tí wọn kò ti lò ó. Nítorí náà a kò sọ pé oògùn kì í pa jìgá. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀tọ̀ ni yàrá, ọ̀tọ̀ ni àgbàlá. Kò sí òdòdó nínú yàrá, kò sí oyin níbẹ̀, òjò kì í sì í wọ́ oògùn yàrá lọ sínú kànga.

ÌGÒ MÁJÈLÉ

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní ọtapíapía. Dichlorvos ni oògùn tí ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ó ti ń pa jìgá ni ó ń pa oyin, ẹja àti ẹyẹ. Ó sì lè pa ènìyàn bí ó bá gbé e mì, tàbí tí ó bá fa èéfín rẹ̀ símú púpọ̀. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré, láti 100 mìlílítà sísàlẹ̀, nítorí ènìyàn tí ó ń kú nípasẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tí ó ti dàgbà yóò rántí Gammalin 20. A lò ó títí, ó pa ẹja inú odò, kí ayé tó fi oògùn inú rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ lindane, sínú ìwé àwọn májèlé tí a kò gbọdọ̀ lò lóko mọ́, ní 2009.

Ẹ tún wo àkókò tí a ń fọ́n májèlé yìí. Jìgá máa ń pọ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ yìí gan-an, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ni kajú àti máńgòrò ń tanná ní ilẹ̀ wa. Oyin àti eṣinṣin ni ó ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti orí ìtànná kan dé òmíràn kí igi lè so. Ẹni tí ó bá fọ́n májèlé sí ìdí igi tí ó ń tanná ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa kajú tí ì bá tà ní oṣù Kẹta. Májèlé náà kì í sì í sábà dé ọ̀dọ̀ èyí tí ó wà nínú ilé òwú rẹ̀ nínú ilẹ̀. Bí ilé náà bá ṣí, ẹlẹ́dẹ̀ àti ajá tí a kò tọ́jú ti wà nílẹ̀ láti gbà á lálejò, ṣùgbọ́n èèrà tí ì bá jẹ ẹyin rẹ̀ kò sí mọ́.

ÀWỌN Ọ̀RẸ́ TÍ A KÒ MỌ̀ LỌ́RẸ̀Ẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, èèrà ń jẹ ẹyin àti ìdin irú àwọn kòkòrò yìí. Aláǹtakùn ń jẹ kòkòrò, alángbá ń jẹ kòkòrò, ọmọ́ńlé ara ògiri náà ń ṣe tirẹ̀. Àwọn àgbà wa mọ èyí: bí ìjàlọ bá ya wọ ilé, wọ́n a kó ọmọ jáde, wọ́n a sì jẹ́ kí ó gbá ilé náà mọ́ kúrò lọ́wọ́ aáyán, ìdun àti eku kí ó tó kọjá lọ.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe láfún. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, kòkòrò funfun kan tí ara rẹ̀ dà bí ẹni tí a da ìyẹ̀fun lé lórí bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní Áfíríkà. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà níhà gúúsù ni òun náà ti wá, gẹ́gẹ́ bíi jìgá. Àwọn onímọ̀ wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì rí agbọ́n wínníwínní kan ní Paraguay, tí kò tó orí ìṣáná, tí ó máa ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà. Ilé-iṣẹ́ IITA ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ́n yìí sílẹ̀ ní oko ẹ̀gẹ́ ní 1981. Ó tàn ká ilẹ̀ wa àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, kòkòrò náà sì rọlẹ̀ láì jẹ́ pé àgbẹ̀ ra oògùn. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó darí iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Agbọ́n yìí kò lè ta ọmọ, kò sì tóbi tó kí ojú tètè rí i. Májèlé a máa pa á.

Ọ̀pẹ ńkọ́? Kòkòrò kékeré kan ń gbé orí ìtànná akọ ọ̀pẹ wa, òun ni ó ń mú kí abo so. Ní Malaysia, níbi tí wọn kò ti ní in, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gbọn ìyẹ̀fun sí ìtànná lórí ọ̀pọ̀ oko ọ̀pẹ. Ní 1981 ni wọ́n kó kòkòrò náà láti Cameroon lọ sọ́hùn-ún, ìyìn rẹ̀ kò sì tán lẹ́nu wọn. Ohun tí àwọn kan ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa fi ìgò pa á lẹ́yìn ilé wa.

BÍ A Ó ṢE ṢE É

Èyí ni ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà, ní ìlú tàbí ní abúlé.

1. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n wà. Fún kòkòrò ajá, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun tí ó gùn dé orúnkún, kí ẹ sì rìn jẹ́jẹ́ yí àgbàlá ká. Àwọn kòkòrò náà yóò hàn lórí funfun. Nínú ilé, ẹ gbé abọ́ omi ọṣẹ sílẹ̀ lálẹ́, kí ẹ sì gbé àtùpà sí òkè rẹ̀ níbi tí ọmọdé kò ti lè dé. Wọn a fò síhà ìmọ́lẹ̀, wọn a sì bọ́ sínú omi. Fún jìgá, ẹsẹ̀ ọmọ àti pátákò ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹ ó wò. Ìwọ̀nba ibi tí ẹ bá rí wọn ni ẹ ó bá jà. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀.

2. Ẹ gbá ibi òjìji. Ìdin kòkòrò ajá kì í lè fara da oòrùn gangan, nítorí náà kì í sí láàárín gbangba. Abẹ́ bẹ́ńṣì, ìdí ògiri, abẹ́ igi ìdáná, abẹ́ àká àti ibùsùn ajá ni kí ẹ gbá. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀ kí eruku má baà gbé e kiri, ẹ há òkè iyẹ̀pẹ̀ náà, kí ẹ sì da ìdọ̀tí náà sínú iná tàbí sínú omi gbígbóná. Ẹ ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ní ọjọ́ méjì-méjì fún ọ̀sẹ̀ 6. Ẹni tí ó bá dúró ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tí ó wà nínú ilé òwú ni ó ń dúró dè é.

3. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wọlé. Ẹ gé ẹ̀ka tí ó balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ gbé igi ìdáná lé orí búlọ́ọ̀kù, ẹ sá ẹní àti àpò tí ajá ń sùn lé sí oòrùn, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

4. Ẹ tún ilẹ̀ ṣe. Bí owó bá wà, sìmẹ́ńtì ni ó dára jù fún ilẹ̀ yàrá. Bí kò bá sí, amọ̀ pupa tí a rin, tí a gún mọ́lẹ̀ tí a sì rẹ́ dán, sàn ju iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ lọ, bí a bá ń dí ibi tí ó bá sán. Ní ibi tí àwọn ọmọ ti ń jókòó ṣeré lọ́sàn-án, ẹ máa wọ́n omi sí iyẹ̀pẹ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ni jìgá fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí omi dá ọ̀gọ̀dọ̀, kí a má baà lé jìgá kí a sì pe ẹ̀fọn.

5. Ẹ tọ́jú ẹran. Ẹ kọ́ ilé fún ẹlẹ́dẹ̀, kí ó jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ ń gbé, kí ilẹ̀ rẹ̀ sì ṣe é fọ̀. Ẹ fi ọṣẹ wẹ ajá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn kí kòkòrò má baà sá gòkè lọ sí orí. Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ náà pẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀ kí ẹ tó ṣàn án. Ẹ fi kóòmù eléyín kéékèèké ya irun rẹ̀, kí ẹ sì máa ri kóòmù náà bọ omi ọṣẹ. Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò sí ẹran lára. Ẹran ń lá ara rẹ̀, yóò sì gbé e mì. Oògùn tí a ń lò fún ajá lè pa ológbò, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko kí ẹ tó lò ó. Yunifásítì Ètò Ọ̀gbìn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988 ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìtọ́jú ẹranko, ní Alábàtà. Ẹ sì pa eku. Oúnjẹ tí a kò bò ni ó ń pè é wá.

6. Ẹ lo dóńgóyárò. Ẹ gún èso inú kóró rẹ̀ tí ó ti gbẹ, ìwọ̀n gíráàmù 500, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, nígbà tí oyin ti wọlé, nítorí pé oòrùn tètè máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ibùsùn ẹran àti ìdí ògiri nìkan ni kí ẹ fọ́n ọn sí, ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kì í pani lójú ẹsẹ̀ bíi ọtapíapía. Ìdàgbàsókè kòkòrò ni ó ń dà rú, nítorí náà ẹ ní sùúrù. Ẹ má ṣe dà á sí odò, ẹ má ṣe fọ́n ọn sí òdòdó, ẹ má sì ṣe fún ọmọdé mu.

7. Ẹ fi ibi kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́. Ọgbà ẹ̀fínrín tí ń tanná, igi tí oyin ń bà lé, ilé èèrà tí ó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

ẸSẸ̀ ỌMỌ ŃKỌ́?

Ẹ fi ọṣẹ wẹ ẹsẹ̀ ọmọ lálaalẹ́, kí ẹ sì yẹ àárín ìka àti ìdí èékánná wò. Bí ẹ bá rí jìgá ní ọjọ́ tí ó wọlé, ó rọrùn láti yọ. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ kan yọ ọ́ fún ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀ lè gbé àrùn láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan dé òmíràn. Abẹ́rẹ́ tuntun, ọwọ́ tí a ti fọ̀, àti oògùn egbò lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ti wú, ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó wà ní àdúgbò ni kí ẹ gbé ọmọ lọ, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì pé. Ẹ má ṣe da ọtapíapía tàbí kẹrosíìnì sí ojú ọgbẹ́ láé.

Òróró àgbọn kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Madagascar, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé ìpara kan tí òróró àgbọn pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi pa ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, dáàbò bo àwọn ará abúlé ju bàtà tí wọ́n fún wọn lọ, nítorí àwọn ènìyàn kì í wọ bàtà náà ní gbogbo ìgbà. Ní Kenya, wọ́n da òróró èso dóńgóyárò pọ̀ mọ́ òróró àgbọn fún ẹsẹ̀ tí jìgá ti wọ̀, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, ó sì mú kí ìwú ẹsẹ̀ fà sẹ́yìn. Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ ṣì dára, ẹ rà á bí agbára bá gbé e. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò ní owó bàtà kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí nǹkan tí òun lè ṣe.

ILÉ ABÚLÉ TÍ A TÌ PA

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa tí a ń gbé ìgboro tí a sì ní ilé sí abúlé baba wa. A máa ń ti ilé náà pa fún oṣù púpọ̀, a ó sì ṣí i nígbà ọdún. Bí ajá tàbí ológbò bá ti sùn níbẹ̀ rí, àwọn kòkòrò wọn lè wà nínú ilé òwú fún oṣù mélòó kan láì jẹun. Ìró ẹsẹ̀ wa, ooru ara wa àti èémí wa ni ó ń jí wọn. Ìdí nìyẹn tí ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ fi lè bu gbogbo ẹbí jẹ ní alẹ́ àkọ́kọ́. Kí ẹnì kan ṣáájú lọ ní ọjọ́ méjì, kí ó ṣí fèrèsé, kí ó gbá ilé, kí ó fi omi ọṣẹ fọ ilẹ̀, kí àwọn ọmọ tó dé.

Àgbàlá kan ṣoṣo kò sì lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ń jẹ̀ kiri kò mọ ààlà ilé; bí ẹ bá gbá tiyín, tí aládùúgbò yín kò gbá tirẹ̀, ìpàdé yóò tún wáyé. Ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ ní àdúgbò, ẹ yan ọjọ́ Sátidé kan, kí gbogbo agboolé jọ gbá ilẹ̀, kí wọ́n jọ so ẹran wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìgbálẹ̀ kì í wọ́n, omi ọṣẹ kì í wọ́n, oòrùn kò sì ní iye tí a ń tà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ òní: ẹ pe àwọn ọmọ, ẹ bu omi sínú abọ́, kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ wọn.